Ìjàpá, Ajá àti Ààlà Ilẹ̀ Onígun Mẹ́ta

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, ó dá lórí Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo, àti Ajá.

Ìlú kan wà nínú kọ̀ǹpútà, gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ ló jẹ́ onígun mẹ́ta. Orí píksẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ẹyọ àwòrán kéékèèké tó tò lẹ́sẹẹsẹ, ni wọ́n pín in lé. Kìnnìún ọba pàṣẹ pé píksẹ́ẹ̀lì tí àárín rẹ̀ bá bọ́ sínú ilẹ̀ ẹni, kí ẹni náà kùn ún lọ́dà.

Ìjàpá àti Ajá jọ pààlà, àárín píksẹ́ẹ̀lì mélòó kan sì bọ́ sórí ààlà gan-an. Nígbà tí ọ̀dà wọ́n, Ìjàpá ní ti Ajá ni, Ajá ní ti Ìjàpá ni. Ihò yọ lójú àwòrán. Nígbà tí ọba ní òun yóò sanwó iṣẹ́, àwọn méjèèjì kùn ún. Ọ̀dà fẹ́lẹ́ tí wọ́n kùn lẹ́ẹ̀mejì wá dúdú, ó fa ìlà burúkú. Àwọn ìjòyè ṣèpàdé, wọ́n jẹyán, wọ́n sún ọ̀rọ̀ síwájú.

Òwìwí ló là á: "Ẹni tí ààlà bá wà lápá òsì ilẹ̀ rẹ̀ ló ni ín. Bí ààlà bá nà gbalaja, ẹni tó bá wà lókè ilẹ̀ rẹ̀ ló ni ín."

Òsì Ajá ni ọ̀tún Ìjàpá. Ajá ló jàre.

Inú bí Ìjàpá. Ó gbé aṣọ tẹ́ lé gbogbo ilẹ̀ Ajá pẹ́kípẹ́kí. Ọ̀kẹ́rẹ́ akọ̀wé ló ń wọn bí ohun kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí ojú ọba. Ẹni tó bá súnmọ́ jù ni ọba ń rí. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ìwé rẹ̀ níwọ̀n, ó ń gé èyí tó ṣẹ́kù dànù. Nítorí náà, níhìn-ín Ìjàpá borí, lọ́hùn-ún Ajá borí. Bí ọba bá mira, gbogbo rẹ̀ a yí padà, a máa dán yinrinyinrin. Ìjàpá forin sẹ́nu:

Kábíyèsí, ta ló súnmọ́ yín?
*Wọ́n dọ́gba!*
Ajá ní òun ni,
*Wọ́n dọ́gba!*
Ìjàpá ní òun ni,
*Wọ́n dọ́gba!*
Ẹ mira díẹ̀, a ó pààrọ̀,
*Wọ́n dọ́gba!*

Òwìwí tún ní: "Kábíyèsí, ṣóńṣó imú yín ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n. Àwọn tó wà nídìí imú ló ń ná nọ́ńbà lé lórí, àfojúbù ni ó ń ṣe fún ará ọ̀nà jíjìn. Ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀ọ́kán." Àwọn ìjòyè tó ń gbé nídìí imú fajú ro. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò tó fún ohun méjì tó dọ́gba, nítorí náà wọ́n ní kí Ìjàpá sún aṣọ rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Ó sún un. Kò sẹ́ni tó rí i mọ́.

Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká. Òfin ààlà kò ní láti fẹ́ràn ẹnì kankan. Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó má fi ilẹ̀ kankan sílẹ̀ láìní ẹni tó ni ín, kó má sì fi ọ̀kan ṣoṣo fún ẹni méjì.