Ó Rìn Jìnnà, Ó Di Abuké Ọ̀kẹ́rẹ́

Àwọn àgbà ní bí a kò bá rìn jìnnà, a kò lè rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, n kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè rí ohun tó sọ ọ̀kẹ́rẹ́ náà di abuké. Àṣé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń rù.

Ọmọ àbúrò mi obìnrin ló là mí lójú. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ọmọ Ìkirè ni ìyá rẹ̀, Ìkirè tí gbogbo arìnrìn-àjò ti ń ra dòdò lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 14, wọ́n mú un wálé fún ọlidé. Bàbá wa, kí ilẹ̀ dẹ̀ fún un, ní kí àwọn méjèèjì jọ lọ wo oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ òun, tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ọmọ ní rárá: oòrùn mú, ẹ̀fọn pọ̀, ejò lè wà níbẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó gbé àdá rẹ̀, ó ń lọ.

Ọdún 9 lẹ́yìn náà, ọmọ yìí kan náà wọ bàálù fún odindi ọjọ́ kan, ó gúnlẹ̀ sí Tully ní Queensland, nílẹ̀ Ọsirélíà, ó ń ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ olóko.

Tully wà lára àwọn ìlú tí òjò ti ń rọ̀ jù ní gbogbo Ọsirélíà. Wọ́n mọ bàtà òjò gìrìwò kan síbẹ̀ tó ga ní mítà 7.9, nítorí pé bí òjò ọdún 1950 ì bá ṣe ga tó nìyẹn bí a bá gbè é jọ. Ẹ̀fọn wà níbẹ̀. Ejò wà níbẹ̀. Aláǹtakùn tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ ń gbé inú ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀. Gbogbo ohun tó sá fún ní Ìkirè ló lọ bá, tòun tèènì.

Iṣẹ́ náà kò le yé ni. Ẹnì kan á fi àdá ṣá igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó lè tẹ̀ wálẹ̀, ẹnì kejì á fi èjìká gba ìdì rẹ̀, wọ́n á gé e, ó di ìdí katakata. Ìdì kan lè tó kílò 40, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ tí wọ́n ń pe ẹni tó ń rù ú lédè Gẹ̀ẹ́sì bá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún iké tan. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́. Àwọn àgbà ní ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò tó ohun tí à ń pọ́n àdá sí, ṣùgbọ́n àwọn tó pa òwe yẹn kò wá físà rí.

Ọmọ náà ní òun lọ wá ara òun ni. Ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ rí, torí ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń dùn ún. Ó ya fọ́tò sórí Instagram pẹ̀lú ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ léjìká, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá wa rí i, ló bá pè é.

"Àkànní, ta ló ni oko náà?"

"Òyìnbó kan ni, Màmá."

"Kò bímọ ni? Kí ló dé tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ bàbá wọn?"

"Wọ́n ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Màmá."

Ìyá wa dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí n gba fóònù òun.

Láti ọdún 1975 ni Ọsirélíà ti ń fún àwọn ọ̀dọ́ orílẹ̀-èdè kan ní físà ọdún kan láti fi gbafẹ́, kí wọ́n sì máa ṣiṣẹ́ tí wọ́n á fi jẹun. Láti 2005, ẹni tó bá fẹ́ ọdún kejì ní láti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ọjọ́ 88 ní ìgbèríko, oko ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń bọ́ sí. Ìsinmi ni wọ́n pe gbogbo rẹ̀. Ilé tí ọmọ wa sùn sí, ènìyàn mẹ́fà ló wà ní yàrá. Onílé ló ń wáṣẹ́ fún wọn, onílé náà ló ń gbowó ilé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí òjò bá dá iṣẹ́ dúró, kì í dá owó ilé dúró. Ó parí ọjọ́ 88 tirẹ̀ nígbà tí ọdún 2023 ń lọ sópin. Ní oṣù Keje 2024, ìjọba Ọsirélíà ní ẹni tó bá ní páásìpọ́ọ̀tù Bírítéènì kò nílò rẹ̀ mọ́.

Ó tilẹ̀ sàn fún un, wọ́n sanwó. Ẹ̀yà irú ìsinmi oko bẹ́ẹ̀ kan wà tí owó kò sí nínú rẹ̀ rárá. Akọ̀wé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Sue Coppard, ló dá a sílẹ̀ ní 1971. Ìgbèríko wù ú, kò sì ní oko, ló bá ṣètò pé kí ará ìlú ńlá máa lọ ran àwọn àgbẹ̀ tí kì í lo kẹ́míkà lọ́wọ́ lópin ọ̀sẹ̀, kí àgbẹ̀ fún wọn lóúnjẹ àti ibùsùn. Èrò rere ni, n kò bú u. Ó ti kárí ayé báyìí. Ọ̀rọ̀ "iṣẹ́" wà nínú orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi "àǹfààní" dípò. WWOOF ni ìkékúrú rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ìwọ̀fà ni etí mi gbé wá fún mi.

Ìwọ̀fà gan-an kò ní gbà ká fi òun wé àwọn tó ń lọ ṣe WWOOF. Òun ti gbowó ná kó tó wọ oko olówó, iṣẹ́ rẹ̀ ló dúró fún èlé. Àwọn wọ̀nyí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Àwọn ló sanwó kí orúkọ wọn tó wọ̀wé, àwọn ló sanwó bàálù, àwọn náà ló ń túlẹ̀ fún wákàtí 4 sí 6 lóòjọ́. Àwọn kan á ní àáró ni. Àáró kọ́ o! Bí mo bá bá ọ kọ ebè lónìí, wàá bá mi kọ tèmi lọ́la. N kò tíì gbọ́ pé àgbẹ̀ Ítálì kan wọ bàálù lọ bá ọmọ ẹnikẹ́ni fọ abọ́ ní Peckham.

Àwọn ará Vanuatu àti Tonga náà ń lọ kórè lóko Ọsirélíà, wọ́n ń fowó ránṣẹ́ sí ìyàwó àti ọmọ nílé. Ẹrù kan náà, oòrùn kan náà. Kò sẹ́ni tó pe tiwọn ní ìsinmi, kò sì sẹ́ni tó ní wọ́n lọ wá ara wọn. Ohun mìíràn tí mo wá gbọ́ ni pé kò sí ọ̀kẹ́rẹ́ nínú igbó Queensland. Ipò abuké ọ̀kẹ́rẹ́ ṣófo níbẹ̀, ọmọ wa ló lọ gbà á.

Ó wá sí Ìkirè ní Kérésìmesì tó tẹ̀lé ọjọ́ 88 rẹ̀. Ìyá wa ní kó bá òun gbé ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kan wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Ó fọwọ́ ti ìbàdí, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ọmọ aládùúgbò wa, tí kò ju ọmọ ọdún 19 lọ, ló dá oṣùká, tó gbé e karí.

"Bọ̀ọ̀dá, wọ́n ní wọ́n ń sanwó fún yín lórí èyí lọ́hùn-ún?"

"Wọ́n ń san án."

"Báwo ni èèyàn ṣe ń débẹ̀?"

Ọmọ wa wojú mi, èmi náà wo ilẹ̀. Orúkọ Nàìjíríà kò sí lára àwọn tí wọ́n ń fún ní físà náà. Ọmọkùnrin yẹn dúró, ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí, ọrùn rẹ̀ gún ṣánṣán, ó ń retí èsì.