Òrùka Tó Wà Lápò Mi

Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan fíìmù abanilẹ́rù ni. Èrò mi kò jìnnà: bí ẹ̀rù bá ba àfẹ́sọ́nà mi, yóò sún mọ́ mi, bó bá sún mọ́ mi tán, n óò yọ òrùka lápò. Ọmọ Urhobo ni, ẹ̀bá Jakpa Road ní Warri ló ń gbé.

The Nun tó jáde ní 2018 la kọ́kọ́ wò. Ilẹ̀ Ròmáníà ni ìtàn náà ti wáyé, ní 1952, níbi tí ẹ̀mí èṣù kan ti gbé aṣọ sísítà ìjọ Àgùdà wọ̀. Mo ti ń na apá sẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹ̀mí èṣù yọ nínú òkùnkùn. Ẹ̀rín ni ọmọbìnrin yìí bú sí! Ó ní sísítà tó kọ́ àwọn ní ìṣirò burú ju ìyẹn lọ, ló bá tún bu sítáàṣì bọ ọbẹ̀ bángà. Mo wá ń ṣàlàyé fún un pé ó yẹ kí ẹ̀rù máa bà á. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀! Ó ní kí ni sísítà inú fíìmù náà ń bá wọn jà sí gan-an. Mi ò rí i sọ.

Mo ní ká wo tiwa nígbà náà, Diamond Ring tí Tádé Ògìdán ṣe ní 1998. Liz Benson wà níbẹ̀, Richard Mofe-Damijo náà sì wà níbẹ̀, ọmọ Delta bíi tirẹ̀, ẹni tó padà di kọmíṣọ́nà fún àṣà àti ìrìn-àjò afẹ́ ní ìpínlẹ̀ náà. Àmọ́ ká sọ òótọ́, orúkọ fíìmù ló fà mí: òrùka nínú rẹ̀, òrùka lápò mi. Mo ti wò ó ní kékeré. Mo kàn gbàgbé pé ara òkú ni wọ́n ti jí òrùka yẹn bọ́, àti pé òkú náà padà wá béèrè ẹrù rẹ̀.

Kò pẹ́ tí àfẹ́sọ́nà mi fi gbé abọ́ sílẹ̀. Èmi náà ò lè gbé itọ́ mì mọ́. Lójú tèmi, òkú inú fíìmù wa kì í dédé jáde, gbèsè ló ń béèrè. Bí Merit ṣe ń dààmú Andy nínú Living in Bondage ti 1992 nìyẹn, nítorí ọkọ rẹ̀ fi í ṣòògùn owó. Nínú Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ tí Túndé Kèlání ṣe ní 1993, ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn ni àwọn kan tà tí ikú fi ń pa wọ́n. Ta ni kò mọ irú ìyẹn ládùúgbò rẹ̀? Sísítà Ròmáníà ò yá ẹnikẹ́ni lówó nínú wa.

Ibi tó le jù la dé tí wọ́n fi mú iná lọ. Bí mo ṣe ń wá fóònù láti tan tọ́ọ̀ṣì, páálí òrùka já bọ́ sórí itan rẹ̀. Ó tan tọ́ọ̀ṣì tirẹ̀, ó ṣí i, ó wò mí.

“Where you see this one?”

Ṣọ́ọ̀bù ni ẹlòmíràn ì bá pè. Èmi, ọmọ tí wọ́n kọ́ pé kó má purọ́, mo ní ọwọ́ ìyá onílé mi ni. Ó ń ta ẹrù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ṣaláìsí lóṣù tó kọjá.

Ó ju páálí náà lù mí láyà. Àsìkò yẹn gan-an ni ẹnì kan kanlẹ̀kùn. Kí n tó mọ̀, mo ti wà lórí àga, mo ń pariwo pé kí wọ́n gba òrùka wọn. Ará ilé kejì ló wá tọrọ ìṣáná.

“Yoruba man, na you suppose hold me o!” Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó gbà láti fẹ́ mi, lẹ́yìn tí mo ra òrùka mìíràn, tó sì tẹ̀ lé mi lọ rà á fúnra rẹ̀. Ìyá onílé gba tiwọn padà, wọn ò dá owó padà. Bó bá jẹ́ fíìmù kan ṣoṣo ni alẹ́ yín gbà, ẹ fi The Nun sílẹ̀, ẹ mú Diamond Ring. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ta òrùka fún yín pé ọwọ́ ta ló ti rí i.