Ta Ló Mú Ọ̀pá Dání?

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, ẹgbẹ́ òṣèlú APC kéde owó fọ́ọ̀mù: ẹni tó bá fẹ́ ṣe ààrẹ yóò san mílíọ̀nù 100 náírà. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ṣe wọ́n láàánú. Wọ́n ní obìnrin kò ní san gbogbo rẹ̀, owó ìfìfẹ́hàn nìkan ni yóò san. Mílíọ̀nù 30 péré! Aládìrẹ ọjà Ìtòkú l'Abẹ́òkúta wo ni kò ní irú ìyẹn nídìí aṣọ?

Oṣù kan péré ṣáájú ni ilé aṣòfin àpapọ̀, níbi tí ẹgbẹ́ aláàánú yìí ti pọ̀ jù, da àbá tí ìbá ya àga sọ́tọ̀ fún obìnrin nù.

Ọkùnrin rí ejò, obìnrin pa á, kí ejò ṣáà ti kú ni. Tọmọdé tàgbà ló mọ̀ pé iṣẹ́ ni à ń wò níbẹ̀, a kì í wo ẹni tó ṣe é. Àwọn olóṣèlú wa gba òwe náà gbọ́ délẹ̀délẹ̀, wọ́n kàn fi ìparí kan kún un: bí obìnrin bá pa ejò tán, kó dá ọ̀pá padà, kó wá se ejò náà lọ́bẹ̀ fún wọn.

Ojú Ẹ̀gbá ni irú èyí ṣe. Láti 1918 ni wọ́n ti ń gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin Abẹ́òkúta lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí ti ọkọ wọn, tó fi dórí ọmọbìnrin ọdún 15. Kò sì sí obìnrin kan níbi tí wọ́n ti ń ná an. Ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti bá kó àwọn ìyá ọlọ́jà jọ. Ní ìparí 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn sun iwájú ààfin Aké mọ́jú. Ní 1948, owó orí obìnrin dáwọ́ dúró, ọba ìlú, Aláké Adémọ́lá Kejì, sì fìlú sílẹ̀. Ó di 1950 kó tó padà. Obìnrin mẹ́rin wọ ìgbìmọ̀ ìlú ní 1949.

Ẹ bi ọmọ iléèwé léèrè ta ni ìyá yìí. Yóò ní òun lobìnrin àkọ́kọ́ tó wa mọ́tò ní Nàìjíríà. Mọ́tò!

Ní 1959, tí gbogbo obìnrin tó tójúúbọ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn dìbò (ti Àríwá dúró di 1979), ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC tí Fúnmiláyọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún kọ̀ láti fà á kalẹ̀ fún ìbò. Ó dá dúró, ó sì fìdí rẹmi.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí Abẹ́òkúta wà, kò fẹ́ràn obìnrin o. Sàlímọ́tù Badru ṣe igbákejì gómìnà láti 2003 sí 2011, Yétúndé Ọ̀nanúgà dé ipò náà ní 2015, Nọ́ímọ́tù Sàlàkọ́-Oyèdélé ní 2019. Igbákejì, igbákejì, igbákejì. Gómìnà ńkọ́? Kò tíì sí obìnrin kan tí wọ́n dìbò yàn sípò náà, ní Ògùn àti ní gbogbo Nàìjíríà. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ń lo ọdún mẹ́ta, ó ń gba fìrídọ́ọ̀mù, wọ́n ń jó. Obìnrin Ògùn ti wà nídìí iṣẹ́ yìí láti 2003. Ọ̀gá ní kò tíì mọ aṣọ gé.