Ìjàpá Tó Ń Ta Máàkì ní Arákàlé

Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, kò balẹ̀ síbòmíràn, orí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo ló balẹ̀ sí, òun àti gbogbo ẹranko tó bímọ, tó sì fẹ́ kí ọmọ náà wọ Yunifásítì. Ẹ̀yin ọmọ SS3, ẹ sún mọ́ iwájú. Ẹ̀yin òbí, ẹ má tíì lọ sùn. Ọ̀rọ̀ yín ló pọ̀ jù nínú àlọ́ yìí.

Láyé àtijọ́, nígbà tí ẹranko ṣì ń sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè Ìdànrè wá ná Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, ìyàn kan mú tí iṣu kò mọwọ́ rẹ̀: ìyàn àyè ní Yunifásítì. Ilé ẹ̀kọ́ kúkú wà. FUTA ti wà ní Àkúrẹ́ láti 1981. Rufus Giwa wà ní Ọ̀wọ̀, Adékúnlé Ajásin wà ní Àkùngbá, Adéyẹmí wà ní Oǹdó, UNIMED sì wá bá a níbẹ̀ ní 2015. Àmọ́ iṣẹ́ mẹ́ta péré ni àwọn ẹranko mọ̀ láyé: dókítà, lọ́yà, ẹnjiníà. Ẹranko tí ọmọ rẹ̀ bá lọ kọ́ ohun mìíràn, wọ́n á lọ kí i nílé, wọ́n á ní, "Ẹ kú àmúmọ́ra."

Ìjàpá wo ọ̀rọ̀ náà sọ́tùn-ún, ó wò ó sósì. Ebi ń pa á. Oko rẹ̀ ti di igbó, Yánníbo sì ti ní bí iṣu ò bá wọlé lọ́sẹ̀ náà, òun ń padà sílé baba òun. Ni Ìjàpá bá gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Arákàlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ṣe fọ́tókópì, ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára pátákó: ÌJÀPÁ ÀTI ỌMỌ. A Ń TA MÁÀKÌ. LÁTI 300 SÓKÈ. KÒ SÍ ÀWÌN. Ó gbé àga síta, ó dá orin, àwọn tó ń kọjá sì ń gbè é:

Òbí tó fẹ́ dókítà,
— Kíńjìn-kíńjìn, kìnjìn.
Ẹ má jọ́mọ ó kàwé,
— Kíńjìn-kíńjìn, kìnjìn.
Ìwé ń bojú ọmọ jẹ́,
— Kíńjìn-kíńjìn, kìnjìn.
Iṣu ni kẹ́ ẹ kó wá,
— Kíńjìn-kíńjìn, kìnjìn.
Ẹ̀gbọ́n mi ń bẹ ní JAMB,
— Kíńjìn-kíńjìn, kìnjìn.
Ó ń kó máàkì sápò mi,
— Kíńjìn-kíńjìn, kìnjìn.

Ẹ ṣeun. Bí ẹ ti gbè é yìí gẹ́lẹ́ ni àwọn òbí ṣe gbè é títí iṣu fi tán lóko wọn.

Ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ dé. Ó sọ ogún iṣu kalẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ọ̀gá Ìjàpá, ẹ ṣàánú mi. Lọ́ọ̀ ni mo fẹ́ kí ọmọ mi lọ kà ní FUTA."

Ìjàpá mọ̀ pé wọn kì í kọ́ Lọ́ọ̀ ní FUTA. Ẹni tó bá ka orúkọ tó wà lẹ́nu géètì wọn tán pàápàá á ti fura pé ìmọ̀ ẹ̀rọ ló gbé wọn débẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣu ti wà nílẹ̀.

"Màámi, ẹ dìde," ni Ìjàpá wí. "Ẹ máa lọ rán aṣọ lọ́yà."

Ọmọ Ewúrẹ́, tó dúró sẹ́yìn ìyá rẹ̀, la ẹnu pé orin kíkọ lòun fẹ́ràn. Ìyá rẹ̀ ní kó panu mọ́, àgbà ń sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Àgùntàn dé. Àgùntàn kò béèrè nǹkan kan. Ó ní ohun tí Ewúrẹ́ bá rà, kí wọ́n wọ̀n ọ́n fún òun náà, àmọ́ kí tòun jẹ́ dókítà ní UNIMED. Ajá fẹ́ ẹnjiníà. Pẹ́pẹ́yẹ kò dárúkọ iṣẹ́ kankan. Ó ṣáà fẹ́ 350, kóun lè fi han àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbín ló dé kẹ́yìn. Ó ní ọmọ òun fẹ́ lọ kọ́ èdè Yorùbá ní Adéyẹmí, gbogbo ìlà sì bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá Òkété nìkan ni kò tò. Opó ni, ẹ̀pà ló ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà, èrè ẹ̀pà rẹ̀ ní ọdún kan kò lè ra iṣu márùn-ún. Òṣì rẹ̀ ló gba ọmọ rẹ̀ sílẹ̀: wọn ò rówó ra ẹ̀tàn.

Ní ọjọ́ kan, ọmọ Òkété gbé àtẹ ẹ̀pà dé iwájú Ìjàpá, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni JAMB ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wọlé?"

Ìjàpá rẹ́rìn-ín, ó bu ẹ̀pà lórí àtẹ, kò sanwó. "Owó ni, ọmọ mi."

Ọmọ náà rò ó, ìdáhùn náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó gba ọ̀nà FUTA lọ, ó lọ bá Ọ̀yà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń gbé nítòsí Nọ́ọ̀tìgéètì. Ọ̀yà ti wà ní ọdún kejì. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ohun tó kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ìjàpá tí ò ń bi, ṣé ó wọlé rí ni?"

Ọ̀yà ṣí ìwé atọ́nà JAMB lórí fóònù. Kò sí ẹni tó ń gbowó wíwò rẹ̀. Ó hàn níbẹ̀ gbangba pé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tirẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ dandan fún gbogbo ayé. Ẹni tó fẹ́ ṣe dókítà gbọ́dọ̀ fi Bàólọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì kún un. Ẹnjiníà á fi Màtí dípò Bàólọ́jì. Lọ́yà ò gbọ́dọ̀ sá fún Lítíréṣọ̀. Nínú WAEC tàbí NECO, ẹni tó fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì márùn-ún, kí Gẹ̀ẹ́sì wà nínú rẹ̀, kí Màtí náà wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń lọ kọ́ sáyẹ́ǹsì, kó má sì ju ìjókòó méjì lọ.

"Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, kí lo fẹ́ràn?"

"Ilẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Láàárọ̀ dalẹ́, ilẹ̀ ni mò ń gbẹ́."

Ọ̀yà ní ẹ̀ka kan wà ní FUTA tí wọ́n ti ń kọ́ nípa irúgbìn, nípa ilẹ̀ àti nípa bí a ṣe ń kápá ohun tó ń jẹ oko run. Nígbà tí ìròyìn náà dé Arákàlé, àwọn ẹranko rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Òkété tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ olóko lóru ni yóò wá lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lé òkété! Ọmọ Òkété ní, "Ẹ̀yin bàbá, ta ló tún mọ ọ̀nà tí olè ń gbà ju ọmọ olè lọ?"

Nígbà tí ìforúkọsílẹ̀ ku ọjọ́ kan, Ìjàpá kó gbogbo ọmọ tí wọ́n sanwó lé lórí lọ sí sẹ́ńtà. Àwọn ọmọ tẹ̀ka, wọ́n ya fọ́tò. Ìjàpá ló kọ ìyókù. Síìmù tí àwọn òbí rà lórúkọ ọmọ wọn, ó gbà á lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ ìkarahun rẹ̀. Í-meèlì kọ̀ọ̀kan, òun ló ṣí i, òun nìkan ló mọ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Nígbà tó kan sọ́bújẹ́ẹ̀tì, ojú rẹ̀ ti ń kún fún oorun. Ó kọ ọ̀kan náà fún gbogbo wọn, àtolówó àtòtòṣì, dókítà àti lọ́yà: Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá, CRS, Kọ́mẹ́ẹ̀sì. Nígbà tí wọ́n bi í pé ìlú wo ni wọ́n ti fẹ́ ṣèdánwò, Ìkàrẹ́ ló kọ́kọ́ rí, Ìkàrẹ́ ló mú fún ìdajì wọn.

Ọmọ Òkété ti lọ ní tirẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ó lo síìmù ara rẹ̀. Ó fi orúkọ tó wà lórí NIN wé èyí tó wà lórí WAEC, lẹ́tà sí lẹ́tà. Kó tó kúrò ní sẹ́ńtà, ó ka ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ń pòṣé.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń kàwé lábẹ́ àtẹ ẹ̀pà. Ọ̀yà ti ṣèṣirò rẹ̀ fún un: ìbéèrè 180, 60 nínú rẹ̀ jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan mẹ́ta tó kù, wákàtí méjì fún gbogbo rẹ̀. Ìyẹn ni pé ìṣẹ́jú àáyá 40 péré ni ìbéèrè kan ní. Ó kọ́ ọ pé bótìnnì mẹ́jọ lórí kọ̀ǹpútà ti tó fún gbogbo ìdánwò náà: A, B, C, D láti fi mú ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti parí, R láti yí i padà bó bá ṣèèṣì tẹ S. Ọmọ Òkété fi ẹ̀pà ṣe bótìnnì lórí àtẹ, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń kọrin, ìyá rẹ̀ ń gbè é:

Ìbéèrè ọgọ́sàn-án,
— Gbẹ́ ẹ, gbẹ́ ẹ, Òkété.
Wákàtí méjì péré,
— Gbẹ́ ẹ, gbẹ́ ẹ, Òkété.
Èyí tó bá le, fò ó,
— Gbẹ́ ẹ, gbẹ́ ẹ, Òkété.
Padà wá bá a lẹ́yìn,
— Gbẹ́ ẹ, gbẹ́ ẹ, Òkété.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ilẹ̀ mọ́ kí Ìjàpá tó rántí tẹ ìwé tó ń sọ ibi tí kálukú yóò jókòó sí. Aago méje ni ọmọ Ewúrẹ́ gbọ́dọ̀ wà ní Ìkàrẹ́; aago méje náà ló gbọ́ pé Ìkàrẹ́ ni. Ọmọ Ajá dé sẹ́ńtà pẹ̀lú fóònù àti aago ọwọ́, wọ́n dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. Pẹ́pẹ́yẹ ti san iṣu kún iṣu kí Ọ̀bọ lè bá ọmọ rẹ̀ jókòó ìdánwò. Ọ̀bọ wọ yúnífọ́ọ̀mù, ó fi ìyẹ́ sára, ó ń rìn hẹ́bẹ́hẹ́bẹ́. Nígbà tó gbé ìka lé ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Ó tún un gbé. Ẹ̀rọ ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Ó fo ògiri jáde, ìyẹ́ Pẹ́pẹ́yẹ sì ń fò lẹ́yìn rẹ̀.

Ti ọmọ Àgùntàn ló dùn mí jù. Ọmọ gidi ni. Lábẹ́ aṣọ ìbora lóru ló ti ń ka Bàólọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì, nítorí ó fẹ́ ṣe dókítà ní tòótọ́. Ó jókòó, ó tan kọ̀ǹpútà, Kọ́mẹ́ẹ̀sì ló yọ sí i. Ó nawọ́. Sùpáfáísọ̀ wo ìwé rẹ̀, ó ní, "Ohun tó o forúkọ sílẹ̀ fún nìyí o, ọmọ mi."

Èsì jáde. Máàkì ọmọ Òkété kò tó èyí tí Pẹ́pẹ́yẹ lè fi yangàn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ó tó FUTA. Ó ṣe Post-UTME wọn, ó gbé èsì WAEC rẹ̀ sórí ìkànnì JAMB, ó ń yẹ CAPS, ibi tí JAMB ti ń fi àyè hàn, wò láràárọ̀. Lọ́jọ́ tí orúkọ rẹ̀ yọ, ó tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà. Jámbáìtì dé!

Nínú gbogbo oníbàárà Ìjàpá, ọmọ Ìgbín nìkan ni sọ́bújẹ́ẹ̀tì ojú oorun yẹn bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Adéyẹmí mú un. Àmọ́ inú ìkarahun Ìjàpá ni síìmù rẹ̀ wà, ibẹ̀ ni ìròyìn náà dún sí. Ìjàpá pa á mọ́ra, ó ní kí Ìgbín mú iṣu mẹ́wàá sí i wá kóun tó sọ ohun tóun gbọ́. Ẹ̀yin náà mọ bí Ìgbín ṣe ń rìn. Kó tó gbé iṣu dé Arákàlé, ọjọ́ tí wọ́n dá fún gbígbà á ti kọjá.

Ìgbà yìí ni inú bí wọn. Ewúrẹ́ ló síwájú, gbogbo wọn tẹ̀lé e, wọ́n ń kọrin bọ̀ láti Ọjà Ọba:

Ìjàpá, iṣu wa dà?
— Kíńjìn-kíńjìn, kìnjìn.
Dókítà wa ń bẹ nílé,
— Kíńjìn-kíńjìn, kìnjìn.
Lọ́yà wa ń fọ́ gààrí,
— Kíńjìn-kíńjìn, kìnjìn.
Ẹ̀gbọ́n rẹ ní JAMB dà?
— Kíńjìn-kíńjìn, kìnjìn.

Ìjàpá gbọ́ orin tòun fúnra rẹ̀, ẹ̀rù bà á. Ó fa orí, ó fa ẹsẹ̀, ó wọ inú ìkarahun lọ bá àwọn síìmù. Wọ́n kan ìkarahun, wọ́n yí i dojú dé, kò dáhùn. Láti ọjọ́ náà, bí Ìjàpá bá ti gbọ́ gìrìgìrì ẹsẹ̀, á fa orí mọ́ra. Ó rò pé àwọn òbí ti Arákàlé ló ń bọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá fẹ́ bèèrè ọ̀nà, ẹ bi ẹni tó ti rìn ín. Kí síìmù yín má kúrò lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì ka ohun tí wọ́n bá kọ lórúkọ yín kí ẹ tó tẹ̀ka sí i. Ẹ̀yin òbí, èmi ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí n ò mọ̀ bóyá ẹ ń gbọ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Ọ̀bọ gba ṣọ́ọ̀bù Ìjàpá, ó kun pátákó rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, ó kọ ọ́ sí i: A KÌ Í ṢE ÌJÀPÁ. LÁTI 320 SÓKÈ. Ìlà gùn dé ọ̀dọ̀ àwọn oní-fọ́tókópì. Ewúrẹ́ ló wà níwájú pẹ̀lú ọgbọ̀n iṣu. Ó wẹ̀yìn kó fi ọmọ rẹ̀ han Ọ̀bọ, kò rí i. Ọmọ ti gba ọ̀nà Nọ́ọ̀tìgéètì lọ, ó ń bèèrè ilé Ọ̀yà.

Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká, ìdí àlọ́ mi rèé gbàǹgbàlàkà. Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ròó. Bí n ò bá purọ́, kó ró lẹ́ẹ̀mẹta.

Pó! Pó! Pó!