Èmi Tí Mò Ń Tẹ Rìsíìtì

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú. Káàdì ìgbéyàwó ni o, pósítà olóògbé ni o, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ ni o, kò sí èyí tí kì í gba ọwọ́ mi kọjá. Ṣùgbọ́n ìwé rìsíìtì ló ń bọ́ mi jù. Oní-sìmẹ́ńtì, onílé epo, alágbo, ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo wọn ti ń tẹ tiwọn. Ẹ wá wo irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí wọ́n jókòó tì í nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí wọ́n bi í pé, "Bọ̀ọ̀dá, rìsíìtì yín dà?"

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bi mí. Iṣẹ́ akáńtì ló kọ́, ó wá bá mi tún ìwé owó mi tò nítorí òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2026. Èmi ti múra ìjà. Ọmọ náà ò jẹ́ kí n rí ẹni bá jà. Ó ní òfin ò ní kí n má fi káàṣì náwó. Owó tí mo bá ná sórí òwò, tó sì jẹ́ ti òwò nìkan, wọn yóò yọ ọ́ kúrò nínú owó tó wọlé kí wọ́n tó bu owó orí lé èyí tó kù. Báńkì ni mo fi san án ni o, àpò ṣòkòtò ni mo ti yọ ọ́ ni o, ọ̀kan náà ni. Kìkì pé ẹni tó bá ní òun náwó ni yóò fi hàn pé òun ná an. Kò sí ohun tó ń bí mi nínú tó òfin tí n kò rí ibi bú.

Ibi tó ti dùn mí nìyí. Owó tó ń wọlé fún mi ní ipa ẹsẹ̀. Láti ìgbà ọ̀wọ́n owó ọdún 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ 200, 500 àti 1,000 náírà, tí a ń fi owó ra owó lọ́wọ́ àwọn oní-POS, àwọn oníbàárà mi ti mọ tiransifáà ṣe ju òṣìṣẹ́ báńkì lọ. Ẹni tó jẹ mí ní ₦3,500 á fi ránṣẹ́, á sì kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé "owó pósítà màmá". Báńkì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Owó tó ń jáde ńkọ́? Ẹni tó ń bá mi gé ìwé, káàṣì. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, káàṣì. Alábàárù, dẹ́rẹ́bà, elépo, káàṣì. Bí mo bá ní kí n fi ránṣẹ́, wọ́n á wò mí bí ẹni tó fẹ́ sá lọ. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, ọ̀gá." Ẹni tó bá ka ìwé báńkì mi á ní ọkùnrin yìí ò náwó kankan sórí iṣẹ́, ṣe ló ń gbà á tó ń lọ fi jẹun.

Ọmọ náà ṣírò rẹ̀ fún mi. Bí ₦6,000,000 bá wọlé lọ́dún, tí mo ná ₦4,500,000, èrè mi ₦1,500,000 ni. Owó orí ò sí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́, ìdá 15 nínú 100 ni wọ́n ń gbà lórí èyí tó tẹ̀ lé e. Ó di ₦105,000. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìwé ₦2,000,000 nìkan ni mo rí kó sílẹ̀, èrè mi lójú wọn di mílíọ̀nù mẹ́rin. Ìdá 15 lórí ₦2,200,000, ìdá 18 lórí mílíọ̀nù kan tó gbẹ̀yìn. ₦510,000! Ìwé tí n kò ní ń ná mi ní ₦405,000. Ìwé o!

Mo wá rántí ọ̀rá dúdú abẹ́ tábìlì. Rìsíìtì ilé epo ló kún inú rẹ̀, mo ti ń kó wọn pamọ́ láti ọjọ́ yìí. Mo dà wọ́n sílẹ̀ bí ẹni tó mú ẹlẹ́rìí wá sí kóòtù. Funfun báláú ni gbogbo wọn. Irú ìwé tí kì í gba íńkì yẹn ni, ooru páànù ti jẹ ohun tó wà lára wọn. Mẹ́ta péré ló ṣì ṣeé kà. Ó gbé wọn sókè, ó ní, "Ṣé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nìkan ni jẹnẹrétọ̀ yìí ń gbé?" Mo wo tẹlifíṣọ̀n tó wà lára ògiri. Òun náà wò ó. Ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ tó wà lára méjì nínú wọn, ọjọ́ bọ́ọ̀lù. A pín owó epo náà sí méjì.

Ojú mi wá ṣí lọ sí ibi tí mo kó ìwé rìsíìtì àwọn oníbàárà sí. Àádọ́ta ìdìpọ̀ wà níbẹ̀, orúkọ ẹni ẹlẹ́ni lórí wọn. N kò tíì sọ̀rọ̀ tó fi ní, "Bọ̀ọ̀dá, mo mọ ohun tí ẹ ń rò. Ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀." Ọlọ́run ló mọ ẹni tó sọ fún un.

Mo bá lọ bá ìyá tí mo ń ra ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ ní Muṣin. Mo ní kí ó já rìsíìtì fún mi. Inú rẹ̀ dùn, ó ṣí bírò. Ó ní, "Bàbá, èló ni kí n kọ síbẹ̀?" Mo ní iye tí mo san ni. Ó ní, "Ṣé kò sí nǹkan ni? Àwọn tó kù kì í gba bẹ́ẹ̀." Ó wò mí tàánú-tàánú, mo bá fi rìsíìtì sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gba ẹrù mi.

Ọmọ náà ní kí n tẹ ìwé kékeré kan: orúkọ ẹni tí mo sanwó fún, ọjọ́, iṣẹ́, iye owó, ìbuwọ́lùwé. Mo tẹ̀ ẹ́, ó sì rẹwà. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e mo gbé e lọ sí Muṣin. Alábàárù ti gbé ẹrù dé ìdí kórópe, mo na bírò sí i. Ó ní, "Ọ̀gá, kí ni wọ́n ní mo jí?" Mo ní owó orí ni. Ó ní òun ò lówó orí tí òun máa san. Mo ní tèmi ni. Ó ní kí ló wá kan orúkọ òun nínú tèmi? Nígbà tó yá, ó ní owó ìbuwọ́lùwé yàtọ̀ sí owó ẹrù, ₦200. Mo san án. Mo wá rí i pé ₦200 náà, ìnáwó òwò ni. Mo ṣí ojú ewé tuntun, mo na bírò padà sí i. Ó ní ₦200 mìíràn.

Mo délé, mo kó ìwé náà sílẹ̀. Dẹ́rẹ́bà kórópe ti fi tíkẹ́ẹ̀tì agbèrò kan ta mí lọ́rẹ, mo fi kún un. Òun nìkan ni ìwé tí ẹnikẹ́ni fi tinútinú fún mi lọ́jọ́ náà. Inú ọmọ náà dùn, ó yẹ gbogbo rẹ̀ wò, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Bọ̀ọ̀dá. Pépà tí ẹ fi tẹ ìwé yìí ńkọ́, níbo lẹ ti rà á?"

Mo ní Muṣin ni.

Ó na ọwọ́ sí mi.