Ètò Ìgbéyàwó ni Mo Gbé fún Wọn

Bí ẹ bá rí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀ lóru nínú ọgbà Free Trade n'Ígbẹ́sà lọ́dún tó kọjá, tó ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè tó sì ń dá ara rẹ̀ lóhùn, wèrè kọ́, èmi ni. Másítà ni mo fẹ́ lọ ṣe nínú sàíkọ́lọ́jì, yunifásítì kan n'Ìbàdàn sì ti ní kí n wá fún íńtáfíù. Náìtì ni wọ́n pín mi sí nílé-iṣẹ́ táìsì tí mo ti ń jẹun. Ariwo ẹ̀rọ ibẹ̀ pọ̀ débi pé o lè fi gbogbo ẹnu pe Sigmund Freud kí ẹni tó dúró tì ọ́ má gbọ́. Àṣé súpáfáísọ̀ ń wo ẹnu mi látòkèèrè. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rọra bi mí pé, "Ṣé wọ́n mọ̀ nílé?"

Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní àwọn olùkọ́ yóò wò ó bóyá mo mọ èèyàn í tẹ́tí sí. Ni mo bá fi ìyá oníráìsì ẹnu géètì dánra wò. Mo ní, "Ìyá, kí ló wà lọ́kàn yín?" Háà, ọ̀rọ̀ ọkọ wọn ni! Ìyá ń rojọ́, ṣíbí ń bẹ lọ́wọ́ wọn, ráìsì ń tutù, àwọn oníbàárà ń tò lẹ́yìn mi. Èmi ò fọhùn, mo kàn ń mi orí sókè sódò bí aláǹgbá, torí ìwé ní olùtẹ́tísílẹ̀ kì í dá sí ẹjọ́. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ débi tí ọkọ ti ta jẹnẹrétọ̀ ilé, wọ́n dúró. "Ìwọ náà gbà pé ohun tó ṣe dáa?" Mo mi orí. Ìyá gba abọ́ ráìsì kúrò lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n lọ jẹun lọ́dọ̀ ọkọ àwọn.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Bàbá onílé wa. Ọmọ Ẹ̀gbá ni wọ́n, iṣẹ́ ló gbé wọn wá sí Ìgbẹ́sà. Wọ́n bá mi nídìí ìwé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo sì ń ṣàlàyé Ivan Pavlov fún wọn, ará Rọ́ṣíà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1904, bí itọ́ ṣe ń dà lẹ́nu àwọn ajá rẹ̀ kí wọ́n tó rí oúnjẹ rárá. Bàbá ní ajá tàwọn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fún àwọn ní nǹkan kan. Wọ́n wá ní bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọkàn ni mò ń kà, kí n jókòó kí wọ́n sọ ohun tí ojú wọn rí ní Àró, l'Ábẹ́òkúta, nígbà èwe wọn.

Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, sàíkọ́lọ́jì lèmi fẹ́ ṣe o. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Àró."

Bàbá ní ó dáa. Wọ́n wọlé lọ sùn.

Aládùúgbò kan tó ń ṣe MC òde ló yá mi ní kóòtù. Ó ga jù mí lọ dáadáa. Apá kóòtù bo ìka mi. Lọ́jọ́ íńtáfíù, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo fi gun ọ̀kadà dé Lùsàdá. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, àwọn trélà sì ti po ọ̀nà bí èlùbọ́, ni mo bá ká ṣòkòtò dé orúnkún. Sàngó la gbà, a gba Ifọ̀, a la Abẹ́òkúta kọjá, ojú mi ò sì kúrò lórí ajá ará Rọ́ṣíà. Ìgbà tí mo délé ìwé náà, ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan ṣoṣo ni mo rántí tú sílẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kan ló jókòó láàárín. Wọ́n béèrè àbá iṣẹ́ ìwádìí mi. Mo ki ọwọ́ bọ àpò kóòtù, mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, mo fọwọ́ méjèèjì gbé ìwé fún wọn. Wọ́n ṣí i, wọ́n kà á sókè: "Àdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Ìwọlé ọkọ àti ìyàwó. Gígé kéèkì." Wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn. "Gígé kéèkì yìí, báwo lo ṣe fẹ́ wọ̀n ọ́n?"

Àbá tèmi wà lórí bẹ́ẹ̀dì n'Ígbẹ́sà.

Àánú mi ṣe èkejì wọn. Ó wo fọ́ọ̀mù mi, ó ní, "Ọmọ Ògùn ni ẹ́, jẹ́ n bi ẹ́ ní èyí tó rọrùn. Kí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo ṣe ní Àró ní 1954?" Òógùn bò mí. Mo ní, "Ẹ̀yin bàbá, Àró ni wọ́n máa ń gbé àwọn tí orí wọn ò pé lọ." Ó ní kí n máa lọ. Mo mi orí.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo tó wólẹ̀ bẹ Bàbá. Wọ́n ní Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní 1923, tó kàwé ìṣègùn ní Birmingham, ni kò fẹ́ máa ti aláìsàn mọ́lé. Ó bá àwọn ará abúlé tó yí Àró ká sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń gba aláìsàn sílé, tòun ti mọ̀lẹ́bí kan tó tẹ̀ lé e wá. Wọ́n á lọ gbàtọ́jú ní ọsibítù, wọ́n á padà wá bá onílé ṣe iṣẹ́ oko. Bẹ́ẹ̀ ló tún ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣe é pọ̀. Iṣẹ́ yìí ló sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀, kó tó di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Aláìsàn kan wọ̀ sílé àwọn òbí Bàbá. Òun ló kọ́ Bàbá ní ayò, Bàbá ò sì jẹ ẹ́ rí títí ara rẹ̀ fi yá tó fi lọ.

Yunifásítì náà ò gbà mí. Fọ́ọ̀mù tọdún yìí ti jáde, mo ti rà á, ìyá oníráìsì náà sì ti ń tà fún mi, kìkì pé wọn ò jẹ́ kí n jókòó. Kóòtù nìkan ló kù. Ẹni tó bá ní èyí tó lè bá ọkùnrin kúkúrú mu, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yá mi, ẹ sì bá mi tú àpò rẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó gbé e wá.