Oko Ti Wọlé, Níbo Ni Àbọ̀ Ìsinmi?

Ilé làbọ̀ ìsinmi oko, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí, wọn ò sì parọ́ nígbà tiwọn. Oko wà lóko, ilé wà nílé. Ẹni tó gbé ọkọ́ lé èjìká tó sì rìn dé ìloro ti mọ̀ pé iṣẹ́ òòjọ́ parí. Ṣùgbọ́n láti alẹ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020, tí ìjọba sé ará Èkó mọ́lé nítorí àrùn Kòrónà, oko àwọn òṣìṣẹ́ kan bá wọn wọlé, kò sì jáde mọ́. Ọ̀gá wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọṣẹ́ wà ní Bódìjà n'Ìbàdàn, íntánẹ́ẹ̀tì ló so wọ́n pọ̀. A rò pé ẹni tó ń jí síbi iṣẹ́ á tún ọ̀rọ̀ ilé rò. Ó tì o. Pálọ̀ ńlá tí àlejò ń jókòó sí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ló ṣì ń gba ibi tó tutù jù. Ẹni tó ń mówó wọlé gan-an, orí tábìlì oúnjẹ ló ń gbé kọ̀ǹpútà lé, láàárín ìgò ata àti agolo mílíìkì. Oko wọlé tán, ẹnikẹ́ni ò pààlà fún un, ló bá jogún gbogbo ilé.

Ìwà òmùgọ̀ kejì wà lára ògiri. Èkó wà ní ìwọ̀n 6 àti díẹ̀ sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, Ìbàdàn wà ní 7 àti díẹ̀. Ní irú ilẹ̀ báyìí, orí òrùlé ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà. Ògiri tó ń jìyà ni èyí tó kọjú sí ìlà-oòrùn láàárọ̀ àti èyí tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn nírọ̀lẹ́. Ilé tó bá na gígùn rẹ̀ láti ìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn, tí fèrèsé rẹ̀ wà lápá àríwá àti gúúsù, ti bọ́ nínú ìyà náà kó tó ra ẹ̀rọ kankan. Ọ̀fẹ́ nìyẹn, bóyá ìdí tí a ò fi kà á sí nìyẹn. Ojú títì là ń kọjú ilé sí, kí ẹni tó ń kọjá lè kí wa kú oríire. A fi dígí gbàgàdà sí ìwọ̀-oòrùn, a gé etí òrùlé kúrú, a yọ lúfà tó ń ṣí tán dànù, a fi fèrèsé alumíníọ̀mù tí kì í ṣí ju ìdajì lọ rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ilé wá gbóná bí ààrò búrẹ́dì, a ra sólà, ínfátà àti bátìrì kí ẹ̀rọ amúlétutù má baà kú, a sì ń pè é ní ilé tó fẹ́ràn àyíká. Oòrùn là ń rà, ká lè fi bá oòrùn jà.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 60, fáànù òkè àjà bíi 70, ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì bíi 10. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 8, yúníìtì kan àti díẹ̀ ni wọ́n jẹ. Amúlétutù 1HP lè jẹ tó wáàtì 900, inú ilé tí oòrùn ń sè kò sì ní jẹ́ kó sinmi. Láàárín wákàtí 8 yẹn, ó lè jẹ yúníìtì 7. Lórí owó iná Band A, ìsọ̀rí àwọn tó ń rí iná jù, tí wọ́n gbé dé ₦225 fún yúníìtì kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024, iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ná wa ní nǹkan bíi ₦250 lóòjọ́ nígbà náà, ògiri tí a kọ́ sódì sì ná wa ní nǹkan bíi ₦1,600. Ẹni tó gbára lé sólà náà ò bọ́, torí bátìrì tó fẹ́ gbé amúlétutù gbọ́dọ̀ ju èyí tó gbé kọ̀ǹpútà lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Bí mo bá ní ká kọ́ ilé kékeré, àwọn kan á ní kò yẹ ọmọ Yorùbá, níbo lẹbí máa sùn? Ẹ wo agbo ilé àtijọ́ dáadáa. Yàrá inú rẹ̀ kéré, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló gbòòrò. Inú yàrá ni wọ́n ń sùn, abẹ́ ìbòòji ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé ìgbésí ayé wọn. Ohun tó ń gba ẹbí ni ibi àpapọ̀, kì í ṣe yàrá méje tí wọ́n tì pa. Yàrá méjì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ fífẹ̀ àti yàrá iṣẹ́ kan tó ní ìlẹ̀kùn tirẹ̀, tó jìnnà sí ibùsùn àti ilé ìdáná, ti tó. Ilé kékeré bẹ́ẹ̀ náà lè gbomi òjò: òjò tó ń rọ̀ n'Ìbàdàn ju mìlímítà 1,200 lọ lọ́dún. Òrùlé tó fẹ̀ tó mítà 6 lọ́nà 10 á gba bíi lítà 70,000, tí a ń jẹ́ kó ṣàn lọ sí gọ́tà, ká tó lọ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ.

Bí mo bá tún ní ká fi amọ̀ kọ́ ọ, ẹlòmíràn á ní ilé amọ̀ ti di ti òtòṣì, òjò á wó o. Òjò ń wó amọ̀ tí òrùlé rẹ̀ kò nasẹ̀. Èyí tí a fi símẹ́ǹtì díẹ̀ pò tí a sì tẹ̀ mọ́lẹ̀ kì í wó bẹ́ẹ̀. NBRRI, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí nípa ilé àti ọ̀nà, ń ṣe irú búlọ́ọ̀kù ilẹ̀pa bẹ́ẹ̀. Demas Nwoko, oníṣẹ́ ọnà àti ayàwòrán ilé, fi ilẹ̀pa àti símẹ́ǹtì kọ́lé n'Ìbàdàn, ní 2023 wọ́n sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Kìnnìún Wúrà níbi àfihàn iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Venice fún iṣẹ́ ọjọ́ ayé rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fi wúrà yẹ́ sí lókè òkun là ń tijú rẹ̀ nílé, bẹ́ẹ̀ símẹ́ǹtì tí à ń fi yangàn wà nídìí bí ìdá 8 nínú 100 èéfín kábọ́ọ̀nù tí ọmọ aráyé ń tú sáfẹ́fẹ́. Bí ẹ bá ní fèrèsé tó ṣí ń mú ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, ẹ̀fọn àti olè wọlé, òótọ́ ni. Nẹ́ẹ̀tì àti irin ojú fèrèsé ń yanjú méjì. Ti ariwo, ẹ fi amúlétutù kékeré sí yàrá iṣẹ́ nìkan, kí ẹ lò ó nígbà ìpàdé.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́lé, kí ẹ tó sanwó fún ẹni tó ya àwòrán rẹ̀, ẹ bi í pé: ibo ni oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa gbà wọlé, ìlẹ̀kùn wo lẹ ó sì tì nígbà tí iṣẹ́ bá parí? Bó bá fi ọ̀rọ̀ àwọ̀ àjà POP dá yín lóhùn, ẹ gba ìwé ilẹ̀ yín, kí ẹ wá ẹlòmíràn lọ.